Gígun Òkè Ìdànrè láàárín ìdajì ọjọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí ni ènìyàn ń lọ wò lórí Òkè Ìdànrè gan-an?

Ìlú ni. Ọ̀pọ̀ àlejò rò pé àtẹ̀gùn ni gbogbo ìrìn náà. Wọ́n á gùn ún dé òpin, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì yí padà. Èyí máa ń dùn wá, nítorí ibi tí àtẹ̀gùn parí sí ni ohun tí wọ́n wá wò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iwájú ibẹ̀ ni ààfin àtijọ́ Ọwá Ìdànrè wà, àti ilé ẹjọ́ àtijọ́, ilé agogo, àwọn ojúbọ, ibi tí a sin àwọn òkú sí, ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn, akọni ọdẹ àtijọ́, lára àpáta, àti Omi Àpáàrá. Àárín àwọn àpáta wọ̀nyí ni àwọn baba ńlá àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2007 ni Nàìjíríà fi orúkọ òkè náà ránṣẹ́ sí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, ó sì wà nínú ìwé àwọn ibi tó ń dúró de ìfọwọ́sí. Kò tíì di ogún àgbáyé bíi ti igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2005.

Gbogbo ètò tí a tò sísàlẹ̀ yìí, kí okun àti àkókò yín lè ṣẹ́ kù fún ìlú àtijọ́ tó wà lókè ni.

Báwo la ṣe ń dé ibẹ̀?

Àkúrẹ́, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni ẹ ó ti gbéra. Ìdànrè fi kìlómítà 20 àti díẹ̀ jìnnà sí i, ní apá gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Tí ẹ bá wọ mọ́tò èrò, ẹ má sọ pé "Ìdànrè" lásán, nítorí ìlú mẹ́ta ló ń jẹ́ Ìdànrè pọ̀: Aládé, Àtọ̀sìn àti Odòde. Ẹ sọ pé Odòde lẹ ń lọ, ní ìdí òkè. Ẹni tó bá sọ̀ sí Aládé yóò tún wá ọ̀kadà tí yóò gbé e síwájú. Tí ẹ bá ń wakọ̀ ara yín, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣìnà, nítorí òkè náà yóò ti hàn síta kí ẹ tó wọ ìlú.

Ẹ dá ẹni tí yóò gbé yín padà dúró kí ẹ tó gòkè, tàbí kí ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Wíwá mọ́tò lójú pópó lẹ́yìn ìrìn bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò rọrùn.

Wákàtí mélòó ló máa gbà?

Ẹ ya wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún sọ́tọ̀. Bí a ṣe máa ń pín in nìyí: ìṣẹ́jú 40 sí wákàtí kan fún àtẹ̀gùn, pẹ̀lú ìsinmi, nǹkan bí wákàtí kan fún ìlú àtijọ́ àti ààfin, wákàtí kan àbọ̀ fún lílọ síbi ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn àti pípadà, lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú 40 fún sísọ̀ kalẹ̀. Èyí tó bá kù, ẹ fi í sílẹ̀ fún mímu omi àti ọ̀rọ̀ tí afinimọ̀nà yóò bá yín sọ.

Aago méje àárọ̀ ló dára jù láti gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, kí ẹ sì sọ pé àárọ̀ kùtù lẹ fẹ́ wọlé. Òótọ́ ni pé àárọ̀ tutù, ṣùgbọ́n ìdí tó tóbi jù wà lára àpáta. Àpáta dúdú máa ń gba oòrùn sára. Tó bá máa fi di aago mọ́kànlá, ooru á máa ti òkè àti ìsàlẹ̀ bọ̀, a ò sì lè fi fìlà gba ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá yóò wà níbi tí kò sí ibòji rárá ní ọ̀sán gangan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí òun padà láti ààfin.

Ẹ má gòkè lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán tí ẹ bá fẹ́ dé ìlú àtijọ́. Ilẹ̀ máa ń tètè ṣú láàárín àpáta, torí òkè á ti bo oòrùn kó tó wọ̀.

Àtẹ̀gùn náà tó mélòó, báwo ló sì ṣe le tó?

Ó lé ní 600. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe é, ó ní irin ìdìmú, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Kò gba ẹ̀kọ́ pàtàkì. Ohun tó ń dá àwọn ènìyàn lágara ni ìkánjú lórí ọgọ́rùn-ún àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, nítorí ara ṣì tutù, ọkàn ò sì tíì gbaradì.

Ẹ gùn ún báyìí. Ẹ rìn débi pé ẹ ṣì lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí hẹlẹhẹlẹ. Tí gbólóhùn náà bá já ní àárín, ẹ dín ẹsẹ̀ kù. Ẹ gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Tó bá jẹ́ ìka ẹsẹ̀ nìkan lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ yóò ti rẹ̀ kí ẹ tó dé ìdajì ọ̀nà, yóò sì fún yín pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Ẹ dúró ní gbogbo ibi ìsinmi, kódà bí kò bá tíì rẹ̀ yín, fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kí ẹ sì mu omi ẹnu méjì tàbí mẹ́ta. Ìjókòó gígùn kò dára, nítorí ara á tún tutù, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá lọ́ra jù nínú yín ni kó wà níwájú. Tó bá wà lẹ́yìn, gbogbo ìgbà tó bá lé yín bá ni ẹ ó ti sinmi tán tí ẹ ó sì dìde, òun nìkan ni kò sì ní sinmi.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù?

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Àpáta gbẹ, ẹsẹ̀ sì ń di í mú. Ọyẹ́ máa ń fẹ́ ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní. Ara á tutù lówùúrọ̀, ṣùgbọ́n eruku lè bo àwọn òkè tó jìnnà. Tó bá jẹ́ pé ìran ọ̀nà jíjìn lẹ fẹ́ wò, ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ni kí ẹ wá, nígbà tí òjò ti fọ ojú ọ̀run tí ọyẹ́ kò sì tíì dé.

Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, òjò ni. Igbó máa ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà náà, omi á máa ṣàn lára àpáta, ó sì rẹwà gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ wá ní àárọ̀ nìkan, torí ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ni òjò ńlá sábà máa ń rọ̀. Tó bá sì rọ̀ mọ́jú, ẹ dúró kí oòrùn kọ́kọ́ ràn sí àpáta fún wákàtí méjì.

Kí la máa wọ̀, kí la sì máa gbé?

Bàtà kánfáàsì tàbí bàtà tó ní ìdí rọ́bà líle, tí ojú rẹ̀ kò tíì jẹ tán. Sálúbàtà, bàtà aláwọ àti bàtà gogoro kò wúlò níbẹ̀. Bàtà tuntun tí ẹ ò tíì wọ̀ rìn náà yóò bó yín lẹ́sẹ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, nítorí igi àti koríko wà lójú ọ̀nà lẹ́yìn àtẹ̀gùn. Obìnrin tó bá fẹ́ wọ ìró lè wọ̀ ọ́ lé ṣòkòtò, kó sì ká a sókè níbi tó bá ga.

Omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má gbọ́kàn lé pé ẹ ó rà á lórí òkè. Ẹ fi nǹkan oníyọ̀ kún un, ẹ̀pà tàbí gúgúrú, nítorí òógùn ń gbé iyọ̀ jáde, omi lásán kò sì lè dá a padà. Lẹ́yìn èyí: fìlà, tọ́ọ̀ṣì kékeré, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún ìdìpọ̀ ọgbẹ́, fóònù tó kún fún iná, àti àpò tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ọwọ́ yín méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣófo. Àpò afọwọ́gbé ló máa ń fa ìṣubú jù, torí nígbà tí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, ọwọ́ tó yẹ kó di irin mú ti di àpò mú.

Ṣé dandan ni afinimọ̀nà?

Bẹ́ẹ̀ ni, a ò sì ní dẹ̀yìn lórí èyí. Àtẹ̀gùn kò ní kí ẹnikẹ́ni sọnù, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀nà pín, lórí àpáta gbalasa kò sì sí ipa ẹsẹ̀ tí ẹ lè tọ̀. Ìdí kejì ni pé àwọn ibì kan lórí òkè ṣì jẹ́ ibi ìbọ. Ọmọ ìlú ló mọ èyí tí àlejò lè wọ̀ àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́. Ẹ gba afinimọ̀nà níbi tí ẹ ti ń sanwó ìwọlé ní ìdí òkè. Ẹ bá a sọ owó rẹ̀ tán kí ẹ tó gbéra, ẹ sì sọ fún un kedere pé ẹ fẹ́ dé ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn. Tí ẹ ò bá sọ ọ́, ó lè rò pé ààfin nìkan lẹ fẹ́ rí. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání.

Kí la máa rí nígbà tí àtẹ̀gùn bá tán?

Ilẹ̀ yóò tẹ́jú díẹ̀, ọ̀nà yóò sì wọ àárín àfonífojì tí àpáta yí ká. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ìdí tí wọ́n fi tẹ ìlú dó síbẹ̀: àpáta ni odi rẹ̀, ẹni tó bá sì ń bọ̀ kò lè bọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti rí i.

Ẹ ó kọ́kọ́ kan àwọn ilé ìjọba àti ti ìjọ: ilé ẹjọ́ àtijọ́ pẹ̀lú àtìmọ́lé rẹ̀, ilé agogo, àti ibi tí ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ ṣáájú ọdún 1900 wà. Ẹ má ṣe fo àwọn wọ̀nyí nítorí pé wọn kò tóbi. Wọ́n fi hàn pé òkè yìí kì í ṣe ibi tí a pa tì láti ayébáyé. Wọ́n ń dájọ́ níbẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń kàwé níbẹ̀, nígbà tí ọ̀rúndún 20 ti bẹ̀rẹ̀.

Ààfin Ọwá ló kàn. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, páànù ni òrùlé, àwọn òpó gbígbẹ́ sì wà ní ìloro. Ẹ wo òpó kọ̀ọ̀kan dáadáa kí ẹ tó yà á ní fọ́tò: ìmúra, ìjókòó, ohun tí wọ́n gbé lọ́wọ́. Ẹ má fọwọ́ kan ògiri, ẹ má sì fẹ̀yìn tì í. Amọ̀ tí òjò ti nà fún ọdún púpọ̀ máa ń já lulẹ̀ wẹ́wẹ́, ọwọ́ àwọn àlejò sì ń mú kó yá sí i. Ẹ bọ́ fìlà ní ẹnu ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí afinimọ̀nà ṣáájú, ibi tó bá dúró sí ni kí ẹ dúró sí. Ìbọ ṣì ń wáyé níbẹ̀.

Ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn àti Omi Àpáàrá ńkọ́?

Ojú àpáta ni ipa ẹsẹ̀ náà wà. Wọ́n ní akọni ọdẹ àti olóògùn ni Agbóògùn, àti pé gbogbo ènìyàn tó bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ni yóò bá a mu, àfi àjẹ́. Tí afinimọ̀nà bá ní kí ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ bọ́ ọ. Wọ́n tún máa ń fi àmì kan hàn lára àpáta tí àwọn ará ìlú ń pè ní ìwé tí ẹnikẹ́ni kò lè kà.

Ọ̀nà ibẹ̀ gùn ju ti ààfin lọ, ó gba inú igbó kọjá, ó sì tún gba orí àpáta tó dàgẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ bí a ti ń rìn lórí àpáta ti wúlò jù. Àpáta gbígbẹ tó rí háráhárá máa ń di bàtà mú. Ìlà dúdú tó ń sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ibi tí omi máa ń gbà ṣàn ni, ohun tó dúdú yẹn sì jẹ́ ẹ̀dá alààyè bí èéhù, tó máa ń yọ̀ bí ọṣẹ nígbà tó bá tutù. Ìyanrìn wẹ́wẹ́ àti ewé gbígbẹ lórí àpáta náà ń yọ̀, kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúkúrú, kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ kan àpáta, kí orúnkún rọ̀ díẹ̀, kí ara má sì fì sẹ́yìn. Ẹ̀rù ló máa ń mú kí ènìyàn fì sẹ́yìn, ìyẹn gan-an ló sì ń mú kí gìgísẹ̀ sá.

Omi Àpáàrá jẹ́ omi ìtàn àti ìgbàgbọ́ fún àwọn ará Ìdànrè. Ẹ béèrè kí ẹ tó bu ú, ẹ má fọ ohunkóhun sínú rẹ̀, ẹ má sì mu omi inú àpáta kankan láìsè é.

Kí ló dé tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀?

Ogun ló mú kí òkè wúlò. Nígbà tí ogun ilẹ̀ Yorùbá parí, odi àpáta kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì mọ́, àmọ́ ìnira rẹ̀ kò lọ: gbogbo iṣu, igi ìdáná àti ẹrù ọjà ni a gbọ́dọ̀ rù gòkè. Ọ̀nà mọ́tò, ọjà àti oko kòkó wà ní ìsàlẹ̀, ilẹ̀ Ìdànrè sì dára púpọ̀ fún kòkó títí di òní. Ní àwọn ọdún 1920 ni ìṣípòpadà náà gbilẹ̀. Àwọn ilé tẹ̀ lé àwọn ènìyàn lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọ àti ọdún kò kúrò lókè.

Ṣé a lè wá ní ìgbà ọdún Ọ̀rọ̀sùn?

Oṣù karùn-ún ni wọ́n máa ń ṣe é, fún òrìṣà tí òkè tó ga jù níbẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àlejò lè wá, ṣùgbọ́n ẹ má ka ọjọ́ náà sí ọjọ́ ìrìn òkè. Ọ̀nà lè dí, ibì kan lè di èèwọ̀ fún ọjọ́ náà, àwọn afinimọ̀nà pàápàá yóò sì wà lẹ́nu ìsìn wọn. Ẹ wá fún ọdún ní ọjọ́ kan, kí ẹ wá fún òkè ní ọjọ́ mìíràn.

Ọmọdé, àgbàlagbà àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le, ṣé wọ́n lè gùn ún?

Ọmọ ọdún méje sókè máa ń gùn ún dáadáa, bí àgbà kan bá wà fún ọmọ kan. Ní sísọ̀ kalẹ̀, kí àgbà wà ní ìsàlẹ̀ ọmọ. Àgbàlagbà tó ń rìn déédéé yóò dé òkè bó bá fi wákàtí kan àbọ̀ gùn ún. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ yóò gba orúnkún rẹ̀ sílẹ̀ nígbà àbọ̀.

Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn bi dókítà rẹ̀ léèrè kó tó wá. Ẹni tó ní ikọ́ fée (ásímà) gbọ́dọ̀ ní oògùn ìfàsímú rẹ̀ nínú àpò ara rẹ̀, kì í ṣe nínú ọkọ̀. Fún àwọn tó ní síkù sẹ́ẹ̀lì, àárẹ̀ púpọ̀ àti àìmu omi tó lè fa ìrora tó le. Tí dókítà bá gbà fún wọn, kí wọ́n dúró ní ìlú àtijọ́, kí wọ́n má lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Kí ló sábà máa ń bàjẹ́?

Sísọ̀ kalẹ̀ ló ń ṣe ènìyàn lọ́ṣẹ́ ju gígun òkè lọ. Iṣan itan ti rẹ̀, ọkàn ti balẹ̀ pé a ti ṣe é, ni orúnkún á bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ di irin mú láti òkè délẹ̀, ẹ má sáré, ẹ má tẹ fóònù lójú ọ̀nà.

Ìkejì ni àìtó omi. Orí fífọ́, ọ̀rọ̀ líle sí ẹnìkejì, àti ìtọ̀ tó pọ́n ni àmì rẹ̀. Ẹ gbé ẹni náà sí ibòji, ẹ fún un ní omi díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ àti ṣúgà, kí ẹ sì yí padà. Tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti ń dàrú tàbí tí òógùn rẹ̀ bá dá nínú ooru, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ ránṣẹ́ sísàlẹ̀ kíákíá.

Ìkẹta ni ààrá. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ kúrò lórí àpáta gbalasa, ẹ má dúró sábẹ́ igi tó dá wà, ẹ sì jìnnà sí irin ìdìmú títí yóò fi kọjá. Tí òjò bá bá yín lókè, ẹ dúró sí ìlú àtijọ́. Bí ìkánjú bá mú yín sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta tútù, ewu rẹ̀ ju ti òjò lọ.

Ẹranko wo ló wà níbẹ̀?

Ẹ ó rí alángbá, ẹyẹ, nígbà mìíràn ọ̀bọ. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ihò àpáta, torí ejò àti oyin. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣọ̀wọ́n jù kéré débi pé ẹ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: ọ̀pọ̀lọ́ kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní *Sclerophrys perreti*. Òkè Ìdànrè nìkan ni a mọ̀ ọ́n mọ́ ní gbogbo ayé. Lẹ́yìn tí wọ́n rí i ní ọdún 1970, ó di ọdún 2013 kí àwọn onímọ̀ tó tún rí i. Inú omi fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣàn lójú àpáta ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Nítorí náà, ẹ yẹra fún ojú àpáta tó ń rin omi, ẹ má fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ níbẹ̀, ẹ má sì da ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé gbogbo ọ̀rá omi yín padà sísàlẹ̀.

Irú àpáta wo ni?

Gíránáìtì, tó dì lábẹ́ ilẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn. Bí ilẹ̀ tó bò ó ti ń ṣí kúrò, ó ń wú, ó sì ń bó ní ìpele bí àlùbọ́sà, ìdí nìyẹn tí orí rẹ̀ fi rí róbótó. Ẹ má dúró lórí etí ìpele tó ti là, torí ó lè yẹ̀.

Níbo la tún lè yà sí?

Tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀sán, ààfin àtijọ́ Déjì ní àárín ìlú Àkúrẹ́ bá ọjọ́ náà mu. Àgbàlá rẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Ẹ béèrè àyè lọ́wọ́ àwọn ará ààfin kí ẹ tó wọlé.

Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìsàrun, fẹ́ ọjọ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti wú egungun ènìyàn jáde ní ọdún 1965, èyí tó ti lé ní 11,000 ọdún. Ìrìn inú igbó ni, kò sí àtẹ̀gùn, kò sí irin ìdìmú. Ẹ kọ́kọ́ yà sí ìlú Ìsàrun láti gba àṣẹ àti ẹni tí yóò mú yín lọ, kí ẹ sì wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀.